Ọjọ́ Tí Jẹ́ẹ̀lì àti Kírímù Jà Lórí Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí irun orí mi fojú mi rí ní Hamburg. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀!

Ó ku díẹ̀ kí ìwé ìgbélùú tí mo fi ń wáṣẹ́ ní Germany parí. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo kọ láti Berlin, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣàyẹ̀wò ọjà ní Hamburg ló ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí mi ò bá ríṣẹ́ yẹn, ilé yá nìyẹn. Ṣé ẹ rí ìdí tí ara mi ò fi balẹ̀?

Irun ni mo wá gbájú mọ́. Mo fẹ́ kó sùn, kí n dì í sẹ́yìn. Màmá tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Gesundbrunnen, ní Berlin níbẹ̀, ní jẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé ló dáa jù. Mo nawọ́ sí òmíràn, ó ní ìyẹn náà ló dáa jù. Báwo ni gbogbo wọn ṣe máa dáa jù?

Mo ra jẹ́ẹ̀lì mẹ́ta àti kírímù mẹ́ta, mo sì ṣí ìwé tí mo fẹ́ máa kọ àbájáde sí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èwo ló ń mú irun gan, èwo ló ń mú un rọ̀. Mo mú jẹ́ẹ̀lì tó borí àti kírímù tó borí, mo pa ìwé dé. Mo ń yangàn!

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bọ́lá, ará àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta, ni mo dé sí ní Jenfeld, ní Hamburg. Láàárọ̀ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, mo fi kírímù pa irun, mo fi jẹ́ẹ̀lì lé e. Kí n tó mu tíì tán, orí mi ti funfun!

Àǹtí figbe ta. "Yéè! Ta ló da gàrí sí ẹ lórí?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi kóòmù yọ ọ́, ó tún ń pọ̀ sí i. Mo wo aago, mo wo dígí. Mo jókòó, mo dìde.

Fúnmi, ọmọ wọn tí wọ́n bí síbí, wo ìwé mi. Ó fi èdè Jámánì bi mí bóyá mo dán méjèèjì wò pa pọ̀. Mo ní rárá. Ó fi jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́, ó fi kírímù sí i, ó pò ó. Ó funfun lójú ẹsẹ̀!

"Siehst du?"

Mo rí i, àbúrò mi.

Àǹtí ní kí n tẹrí sí básíà. Wọ́n fọ irun náà, wọ́n fi òrí díẹ̀ pa á, wọ́n di ṣùkú fún mi, wọ́n sì ń bá mi wí: ṣé nítorí òyìnbó ni mo ṣe gbàgbé pé wọ́n ń dirun nílé wa? "Má mirí o! Àbí o fẹ́ pẹ́ ni?"

Eré ni mo sá dé iléeṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi mí o: kí n sọ àṣìṣe kan tí mo ṣe nídìí àyẹ̀wò, àti ohun tó kọ́ mi. Ọwọ́ mi kàn lọ sórí ni. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi bò. Obìnrin tó ń kọ ìdáhùn mi sílẹ̀ gbé bírò sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Mo ríṣẹ́ náà. Ṣùkú náà ni mo dì nígbà tí mo mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ìgbélùú ní Moabit, ní Berlin, láti gba ìwé ìgbélùú tuntun.

Ẹni tó bá fẹ́ ra jẹ́ẹ̀lì, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ó máa bá kírímù tó ń lò rẹ́. Ẹ pò ó wò lẹ́yìn ọwọ́ ná!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi sórí tó dójú tì yín? Ẹ sọ tiyín, kó má lọ jẹ́ pé orí tèmi nìkan ni gàrí dà sí!