Ṣíkáàfù Pupa Satı

Satı kò wọ bálúùnù tó ń gbé èèyàn fò lójú ọ̀run rí. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń pín tíì àti bisikíìtì fún àwọn tó fẹ́ fò, ní pápá tó wà lẹ́yìn abúlé Çavuşin, kí oòrùn tó yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ta ló máa wá dúró ti tíì.

Tíì ni ilé iṣẹ́ bálúùnù gbà á fún. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé ó máa ń dá ẹni tẹ́rù ń bà mọ̀. Kì í ṣe àwọn tó ń pariwo pé àyà àwọn ń já. Àwọn yẹn kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá di ife mú títí tíì fi tutù, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára iná tó ń bú gbàù sínú bálúùnù, òun ni Satı ń rìn lọ bá. Á fa ṣíkáàfù pupa kan yọ nínú àpò, irú èyí tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí létí, á so ó mọ́ onítọ̀hún lọ́rùn ọwọ́. Á ní kí atukọ̀ lè dá a mọ̀ ni, kó mú un dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, kó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀: kó tẹ eékún díẹ̀, kó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń dúró sí lábẹ́ bálúùnù ń lọ, kó di okùn inú apẹ̀rẹ̀ mú, kó má sì jáde àfi bí wọ́n bá ní kó jáde. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, á fọwọ́ kan okùn ńlá tó so apẹ̀rẹ̀ mọ́ jíìpù.

“Níwọ̀n ìgbà tí okùn yìí bá ṣì wà níbí, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ sáà ti sọ fún mi. Èmi fúnra mi ni máa gbé àkàbà wá.”

Àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ní ọkọ̀ kankan kò láàbò tó bálúùnù. Ẹni tó ń tajà kò ní ṣe kó má sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ okùn yìí ló ń mú àwọn ojo wọlé, nítorí ẹni tó mọ̀ pé òun lè jáde kì í bẹ̀rù àtiwọlé. Tẹ́lẹ̀, èèyàn mẹ́fà tàbí méje máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún kí bálúùnù tó gbéra. Láti ọdún méjì, ẹyọ ẹnì kan kò sọ̀. Satı ń fi yangàn fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó ní ahọ́n òun ti wá ń dùn sí i bí òun ṣe ń dàgbà.

Ọdún méjì yẹn náà ni Tuncay àbúrò rẹ̀ ti ń tu bálúùnù ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Tuncay nígbà tí ìyá wọn kú. Satı jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọkùnrin kan sì ti wá tọrọ rẹ̀ láti ìlú Kayseri. Ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ. Títí dòní, ilé rẹ̀ ni Tuncay ti ń jẹun àárọ̀ bó bá ti fò tán: búrẹ́dì, ólífì, wàràkàṣì, ẹyin méjì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹwàá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mualla dúró nínú pápá, tíì ọwọ́ rẹ̀ sì ti tutù pátá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, láti ìlú Samsun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi ìrìn àjò náà ta á lọ́rẹ nígbà tó pé ọgọ́ta ọdún. Ó da ìbéèrè bo Satı bí ìgbà tó ń dán ọmọ iléèwé wò. Kí ló dé tí wọn ò fò lánàá? Satı ní àsíá pupa ni wọ́n gbé sókè nítorí atẹ́gùn, àmọ́ aláwọ̀ ewé ni tòní. Bí gáàsì bá tán lókè ńkọ́? Satı ní kì í tán, wọ́n ń gbé ju èyí tí wọ́n nílò lọ. Bí ọkàn òun bá kọ̀ ńkọ́? Satı so ṣíkáàfù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fọwọ́ kan okùn.

“Ó dá ẹ lójú?” Mualla bi í.

“Ẹ̀mí mi ni mo fi búra, Tíṣà.”

Mualla wọlé, àwọn mọ́kàndínlógún yòókù wọlé. Iná bú, apẹ̀rẹ̀ mì lọ mì bọ̀. Mualla na orí jáde, ohùn rẹ̀ rọra bọ́ sílẹ̀: “Satı, n ò lè ṣe é. Mo fẹ́ sọ̀.” Satı ní kó fọkàn balẹ̀, ó juwọ́ sí Tuncay, ó ké sí i pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sì sáré lọ gbé àkàbà lẹ́yìn jíìpù. Àkàbà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí ìkọ́ irin tó di okùn mọ́ apẹ̀rẹ̀ já tàà. Okùn ṣubú sórí koríko níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó fi gbójú sókè, apẹ̀rẹ̀ ti ga ju orí rẹ̀ lọ. Mualla kò pariwo. Ó kàn ń wò ó ni, ṣíkáàfù pupa náà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ létí apẹ̀rẹ̀.

Bekir tó ń wa jíìpù gbé e tẹ̀lé bálúùnù láàárín àwọn àpáta. Ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé àkàbà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yìí ló fẹ́ fi gun ọ̀run. Satı ní ariwo iná ni kò jẹ́ kí Tuncay gbọ́.

“Kò gbọ́ kẹ̀?” Bekir rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ṣíkáàfù yín ló ń wò. Bó bá ti rí pupa, ó mọ̀ pé ẹni yẹn lè yí ọkàn padà, á yáa tú okùn kó tó la ẹnu. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn atukọ̀ tó kù ti kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀.”

Nígbà tí Bekir wo ojú Satı, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Mo rò pé ẹ mọ̀ ni,” ó ní. “Mo rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.”

Ọdún méjì. Ahọ́n tó ń dùn sí i.

Tuncay gbé apẹ̀rẹ̀ lé orí tírélà tí jíìpù ń fà bí ẹni gbé ẹyin lé àwo. Kò sẹ́ni tó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Mualla fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó tú ṣíkáàfù, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, ó fi lé Satı lọ́wọ́. Ó ní kò sóhun tó ṣe òun, pé òkè dára, òun kò ní parọ́.

“Ṣùgbọ́n bálúùnù kọ́ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé kí n tó wọlé,” ó ní. “Ìwọ ni.”

Satı fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Ó rò ó pé ohun tí gbogbo ẹni tó mọ̀ máa ń sọ náà nìyẹn, ó ti ṣíkáàfù náà bọ àpò.

Tuncay dé fún oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Satı gbé ṣíkáàfù náà sí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀. Tuncay kò jiyàn. Ó ṣàlàyé bí ọ̀mọ̀wé pé bí ẹnì kan bá sọ̀ kalẹ̀, àwọn ní láti tún èèyàn tò kí apẹ̀rẹ̀ má fì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá á lọ, oòrùn á yọ, atẹ́gùn á sì dìde. Ogún ẹ̀mí ló wà lọ́rùn òun, kì í ṣe ẹyọ kan. Ta ló tíì farapa? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dun Satı jù.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

Tuncay ń bó ẹyin. “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní lè sọ ọ́ kó dá wọn lójú.”

Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Satı ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ èyí, láti ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó kó àwo kúrò níwájú Tuncay kó tó jẹ ẹyin kejì.

Lọ́jọ́ kejì, Satı kò mú ṣíkáàfù kankan wá sí pápá. Ó dúró láàárín àwọn àlejò àti apẹ̀rẹ̀, níbi tí Tuncay ti lè gbọ́ ọ.

“Okùn yìí, ọwọ́ atukọ̀ ló wà, kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ padà, ibí ni kó ti padà, kó tó gbẹ́sẹ̀ wọlé.”

Ọkùnrin kan fà sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà fà sẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni?” Tuncay bi í látinú apẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Satı da tíì tuntun fún tọkọtaya náà, wọ́n sì mu ún nígbà tó ṣì ń gbóná. Ìkọ́ okùn já tàà lẹ́yìn wọn, bálúùnù gbéra. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ẹyin kan ṣoṣo ló sè de Tuncay.