Pátákó Ayaba Abẹ́rẹ́

Gàdàgbà ni wọ́n ń pè é, nítorí lẹ́tà gàdàgbà tó máa ń kọ sára pátákó. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ló fi ń jẹun láti ọgbọ̀n ọdún, kò sì sẹ́ni tó máa rí iṣẹ́ rẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́tà àwọn akọ̀wé pátákó yòókù a máa dúró ṣánṣán, a sì máa ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Gàdàgbà gé ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn dànù. Tirẹ̀ sanra tó ìka mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń pín nǹkan lọ́hùn-ún. Igi pẹlẹbẹ kan tó fi ayùn gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè fì ló fi ń wọn títẹ̀ náà, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ihò inú A àti O, ó mọ bó ṣe yẹ kó tóbi tó, torí bó bá kéré jù, ọ̀dà á dí i, lẹ́tà á sì di àbààwọ́n lójú ẹni tó wà lókèèrè. Kódà àmì kékeré abẹ́ Ẹ àti Ṣ, a máa sún un síwájú díẹ̀ kó lè bá lẹ́tà rìn.

Lára ọkọ̀ akẹ́rù lẹ ti máa rí i, lára ilé ìtajà, lára pátákó ìdíje bọ́ọ̀lù. Ohun tó bá ń tẹ̀ síwájú nìkan ló ń fi í kọ. Nígbà tí oníbàtà kan ní kó bá òun kọ "A ti kógbá sílé" sára ilẹ̀kùn òun, Gàdàgbà rẹ́rìn-ín sí i níṣojú àwọn èèyàn.

"Wá ẹni tó ń kọ lẹ́tà òkú lọ," ló wí. "Tèmi ò wà fún ẹni tó ti ṣubú."

Ìgbéraga ọkùnrin yìí pọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, iwájú ilé wọn náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Pátákó kan wà lókè ilẹ̀kùn náà tí Gàdàgbà kùn ní funfun lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó, tó ní òun máa kọ "Ayaba Abẹ́rẹ́" sí. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, funfun ṣì ni. Bí obìnrin náà bá rán an létí, a ní iṣẹ́ àwọn ará ìta ló kàn. Lọ́jọ́ kan tó tún bi í níwájú oníbàárà, ó ní, "Èèyàn mélòó ló ń ránṣọ lọ́dọ̀ ẹ tó o fi fẹ́ lẹ́tà mi? Àbí àwọn mẹ́fà yẹn ò mọ ilé wa ni?" Oníbàárà wolẹ̀. Aránṣọ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó yá, okùn ò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ fún aránṣọ. Dókítà ojú ní ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀ ò ní àtúnṣe, pé ó lè ku bí oṣù mẹ́jọ kí ojú náà fọ́. Ìwé ò ṣeé kà fún un mọ́, ojú èèyàn di òjìji. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá, obìnrin náà a na ọrùn, a sì ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè.

"Lẹ́tà yín nìkan ló kù tí mo ṣì ń rí kà," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ pátákó yẹn báyìí. Kí n rí i lẹ́ẹ̀kan péré."

Gàdàgbà ní kó jẹ́ kí òun parí ti àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ó parí tiwọn, ó bẹ̀rẹ̀ ti onísìmẹ́ǹtì. Ó ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. Àwọn kan ń gbèjà rẹ̀ pé kò mọ̀ pé ojú náà ti burú tó bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwẹ̀ láràárọ̀.

Oṣù keje lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà ni ojú náà fọ́ pátápátá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé ìtẹ̀wé kan ṣí ní oríta. Ọ̀gá ibẹ̀ ya àwòrán lẹ́tà Gàdàgbà lára àwọn ọkọ̀, láti A dé Y, ó kó o sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ wá ń tẹ̀ ẹ́ sára rọ́bà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títẹ̀ rẹ̀ pé, ihò rẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó wá Gàdàgbà wá mọ́. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ: ìgbà tí iṣẹ́ tán níta ló gbé àkàbà wálé, ó sọ pátákó funfun náà kalẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Nígbà tó gbẹ, ó fa ìyàwó rẹ̀ jáde, ó gbé ọwọ́ obìnrin náà lé pátákó.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀?"

"Ayaba Abẹ́rẹ́. Òun ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ láyé mi."

Obìnrin náà fi ìka wá lẹ́tà títí. Ọ̀dà ò ga ju igi lọ, kò sí ohun tí ìka lè kà níbẹ̀.

"Ọjọ́ tí ayé kọ̀ yín lẹ rántí mi," ló wí. "Kò burú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nísàlẹ̀. Ẹ kọ: A ti kógbá sílé."

"Lẹ́tà yìí ò wà fún..." Gàdàgbà rántí oníbàtà. "Jẹ́ kí n fi èyí tó dúró ṣánṣán kọ ọ́."

"Rárá. Irú kan náà ni. Àwọn oníbàárà mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ rí i láti òkèèrè."

Ó gbé igi pẹlẹbẹ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́. Bó ṣe ń kùn ún lọ ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ obìnrin dé, ó sì lọ gbé àpò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aránṣọ ò gba ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ó ní kí àbúrò òun kà á fún òun.

"Ayaba Abẹ́rẹ́. A ti kógbá sílé."

"Ṣé ó tẹ̀ síwájú?"

"Ó tẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣe ló dà bíi pé ó ń sáré lọ."

"Ó dáa. Fà mí lọ́wọ́, ká máa lọ."

Gàdàgbà náà na ọwọ́ sí i. Obìnrin náà ò rí i.