Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Yìnyín Létí Odò Bronx

Láti ìgbà tí mo ti ń ya fótò ní New York, ènìyàn ni mo ń yà: ìyàwó tó ń sunkún ayọ̀, ọmọ tuntun tó ń sùn, pásítọ̀ tó ń wo aago. Ènìyàn rọrùn. Ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró. Ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi eyín hàn títí dé èyí tó ti ká. Àfi ọjọ́ tí ilé ìkàwé kan nítòsí wa ní Wakefield pè mí pé kí n wá ya odò Bronx fún àwọn: ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù. Fótò ńláńlá mẹ́rin lórí odindi ògiri kan! Mo fò sókè nínú kíṣìnì, ìyàwó mi rò pé eku ni mo rí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ni mo ti pàdé ẹni tí mo máa yà. Ẹyẹ kan ni, ó jọ lékeléke, ṣùgbọ́n ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Ó dúró lórí igi kan tó wó sínú omi, ó ká ọrùn kò, kò wọ̀tún, kò wòsì, bí ẹni tí ìwàásù wọ̀ lára. Mo bá sọ ọ́ ní Alàgbà. Mo fọ́nnu fún obìnrin tó gbé iṣẹ́ náà fún mi pé Alàgbà yìí ló máa wà nínú fótò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lórí igi kan náà. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ọ̀kan bá yẹ̀, àwọn á wá fótò ẹlòmíì gbé kọ́. Ẹnu mi ló kó bá mi!

Ti ìgbà ìrúwé kò le. Ti ìgbà ooru ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, máa ń sọ pé, "Tó o bá fẹ́ tẹ kámẹ́rà, má mí." Bó o bá mí, ọwọ́ á gbọ̀n, bí ọwọ́ bá gbọ̀n, fótò á ṣe bàìbàì. Alàgbà ti rí ẹja, ó ń na ọrùn díẹ̀díẹ̀, èmi náà ti sé èémí, nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Fótò! O ò rí mi ni?"

Màmá Fẹ́mi ni, ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń tọ́jú arúgbó lódìkejì odò, tó sì máa ń gba ibẹ̀ relé láàárọ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní Fótò. Mi ò dáhùn. Ẹni tí kò mí, báwo ló ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀? Alàgbà gbé ẹja, mo tẹ kámẹ́rà, fótò dára! Kí n tó yíjú padà láti kí wọn, wọ́n ti lọ.

Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ lẹ́nu màmá. "Fótò ti di òyìnbó. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀, adìẹ ló ń wò."

Adìẹ! Alàgbà mi! Mo lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní, "Má ṣèyọnu. Máa lọ kí adìẹ ẹ." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí wọn, ògiri ni wọ́n ń wò. Ó dùn mí, torí àwọn ló kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún mi ní ìlú yìí.

Ìgbà ìwọ́wé dé, ewé pọ́n bí epo, mo ya Alàgbà láàárín wọn. Ó ku ẹyọ kan. Òtútù dé, Alàgbà sì pòórá. Mo rò pé ó ti sá lọ sí Florida bí àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì. Àràárọ̀ ni mo ń lọ wo igi òfìfo. Ilé ìkàwé sì ti sọ pé ọjọ́ Ajé ni òpin.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Mo débẹ̀, ta ni mo rí? Alàgbà! Yìnyín wà lórí rẹ̀ bí fìlà, èéfín ń rú lójú omi. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà lóòró, igbó ẹ̀yìn rẹ̀ á gbé e mì. Àfi kí ojú èmi àtòun dọ́gba. Mo da àyà délẹ̀ gbalaja nínú yìnyín, mo na kámẹ́rà síwájú. Omi tútù wọ̀ mí lọ́rùn. Mi ò mí.

Gbì, gbì, gbì, bàtà ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

"Háà! Fótò! Nínú yìnyín?" Màmá Fẹ́mi! "Ó tó, ó tó! Dìde, ọmọ mi, mo ti dárí jì ẹ́!"

Mi ò mí.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ á gbé ẹ ga! Ibi tí wọn ò pè ẹ́ sí, wọ́n á wá ẹ débẹ̀!"

Ẹ̀yin ará, ọ̀gá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sé èémí. Kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sé àmín.

"ÀMÍÌÌN!"

Alàgbà ta gìrì! Ó na apá méjèèjì gbàgàdà, yìnyín fọ́n ká lára rẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ìka mi sì tẹ kámẹ́rà kí n tó rò ó. Nígbà tí mo wo fótò náà, mo figbe ta. Apá Alàgbà gba ojú fótò láti ìkangun dé ìkangun.

Mo dìde, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ẹyẹ ni mo ń yà."

Wọ́n ń gbọn yìnyín kúrò léjìká mi. "Ta ni kò mọ̀? Ẹsẹ̀ ẹ lo kọ sí mi. Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà nílé yín?"

"Kí ló wá dé tí ẹ fi dárí jì mí?"

"Ó ti sú mi láti máa wo ògiri."

Fótò náà ti wà ní ilé ìkàwé báyìí. Bí Màmá Fẹ́mi bá mú àlejò débẹ̀, wọn kì í dárúkọ mi. Wọ́n á kàn na ìka sí apá Alàgbà, wọ́n á ní, "Ẹ rí i? Àdúrà mi ló gbé e fò."