Okùn Tí Ọmọ Mi Ránṣẹ́ Béèrè

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ṣí àpótí mi sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni, nínú oṣù keje, ní ilé mi ní Kábà. Àwa tí a wà nínú yàrá ni èmi, aládùúgbò mi tó ń ta aṣọ, àti ewúrẹ́ kan. Ewúrẹ́ náà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Mo tú okùn ọrùn rẹ̀ ni, nítorí pé okùn náà ń lọ sí Èkó.

Èkó ni ọmọbìnrin mi ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Òun nìkan ni mo bí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, oyún inú ọmọ mi ti wúwo, wọn kò jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀. Kò wá, kò sì ránṣẹ́. Èmi náà kò béèrè. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú ẹbí wa. Ẹnu àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ó ti bí ọkùnrin. Ìyá ìyàwó ló máa ń lọ wẹ ọmọ tuntun; kò sí ẹni tó mọ ohun tí bàbá ìyàwó ń lọ ṣe. Mo jókòó sílé.

Ní Ọjọ́rú, awakọ̀ akẹ́rù kan, ará Ìbàdàn, dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní ọmọ mi ní Èkó ní kí òun sọ fún mi pé okùn. Ó ní ó tẹnu mọ́ ọn dáadáa. Ó ní Èkó lòun ń padà lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo rò ó títí. Ọmọ tó ní kí o mú nǹkan wá ti ní kí o wá. Mo fi ọṣẹ fọ okùn ewúrẹ́, mo sá a sórí páànù.

"Akọ̀wé, irú okùn wo ló ní?" Aládùúgbò mi ló bi mí. Ó ń pè mí bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti ní irùngbọ̀n kí n tó jókòó sí kíláàsì. Èmi náà ń pè é ní Alájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni ibi tó jìn jù tó lọ rí.

"Kò sọ."

"Ẹ̀rọ omi ni wọ́n ní lọ́hùn-ún. Kí ni wọ́n fẹ́ fi okùn fà?"

"Bóyá láti fi sá aṣọ ni."

"Aṣọ wo ló ń gbẹ níbẹ̀ lóṣù keje? Òjò Èkó kì í rọ̀, ibẹ̀ ló ń gbé." Ó tọ́ka sí agboòrùn mi. "Tí ẹ bá ti dé ọ̀hún, agbòjò nìyẹn."

Ó ní kí n fi bébà sìmẹ́ǹtì wé aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òjò má bàa wọ inú wọn. Mo wé wọn. Alájì gbé okùn náà wò.

"Ṣé kì í ṣe òkun ló wí? Bóyá omi ti ń wọlé bá wọn."

"Tó bá jẹ́ òkun ni, kí ni kí n dì?"

Ó rò ó. "Ẹ ṣáà mú okùn náà. Ó wúlò nínú òkun."

Ní àkókò yẹn, ewúrẹ́ ti jẹ bébà tí mo fi wé ṣòkòtò mi dúdú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wọlé lẹ́yìn náà, ó ru iṣu àti irú. Ó wo ilẹ̀.

"Ewúrẹ́ ló ń bá ọ di ẹrù?"

"Okùn rẹ̀ ni mo fẹ́ mú lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ló béèrè."

"Okùn? Kí ni awakọ̀ yẹn wí gan-an? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Ó ní, 'Ó ní kí n sọ fún bàbá òun pé okùn o, okùn o, okùn o.'"

Ó sọ ẹrù kalẹ̀. "Ta ló ń béèrè okùn lẹ́ẹ̀mẹta, tó tún ń fi 'o' sí i? Okun ló wí! Ọmọ ń kí ọ, ìwọ ń tú ewúrẹ́ sílẹ̀!"

Okun ni ìkíni wa. Òun la fi ń kí ẹni tó ti oko dé, òun la fi ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Òun náà ni àwọn àjèjì fi ń pè wá. Ará Ìbàdàn kò ní ibòmíràn tí yóò gbé e sí ju okùn lọ.

Alájì rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Mo jókòó sórí ibùsùn. Tó bá jẹ́ okùn ni, ọmọ mi fẹ́ kí n wá. Tó bá jẹ́ okun ni, ó kí mi ni, kò pè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jáde.

"Kí lò ń ṣe?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bi mí.

"Kò ní kí n wá."

"Ó kí ọ. Ta ni yóò dá a lóhùn?"

"Awakọ̀ náà ń padà lọ lọ́la. Mo lè rán an."

"Awakọ̀ yẹn? Yóò lọ sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní ewúrẹ́."

Ó tú ẹrù rẹ̀, ó mú ọ̀já kan jáde. Mo mọ ọ̀já náà. Òun ni ìyàwó mi hun kẹ́yìn lórí òfì rẹ̀ kí ó tó kú. Ó tẹ́ ẹ sínú àpótí.

"Ẹni tó hun ún kò lè gbé e lọ mọ́. Tí wọ́n bá ní kí o wẹ ọmọ, wẹ̀ ẹ́."

"Mi ò mọ ọmọ wẹ̀."

"Ọmọ náà kò mọ̀ pé o kò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Mo kó aṣọ padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìdérí àpótí kò padé nítorí iṣu. Mo fi okùn ewúrẹ́ dì í, mo fa ewúrẹ́ lé Alájì lọ́wọ́, mo sì lọ sí ibùdókọ̀ nínú òjò. Nígbà tí awakọ̀ rí okùn náà, ojú rẹ̀ dán.

"Bàbá, ẹ mú un wá! Inú rẹ̀ á dùn." Ó gbé àpótí sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ó tún ní kí n wò bóyá ẹ ń jẹun. Mo gbàgbé láti wò."

Mo ní kó bá mi sọ fún un pé mo ń jẹun. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé èmi fúnra mi ni yóò sọ ọ́. Mo wọ ọkọ̀.