Ọjọ́ Tí Mo Dáhùn Lórí Ìkúnlẹ̀

Òórùn ọṣẹ dúdú ló máa ń kún yàrá ìyá mi. Beyerunka n'Ìbàdàn ni ilé wa wà, níbi tí òrùlé ilé kan ti ń gun ti ìkejì lórí, tó jẹ́ pé bí aládùúgbò bá wúkọ́ ní yàrá rẹ̀, inú yàrá tìrẹ ni wàá ti kí i pé pẹ̀lẹ́. Ọjà'ba ni ìyá mi ti ń ta ọṣẹ, yàrá tí èmi àti òun jọ ń sùn náà ló sì ń kó apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ sí, débi pé bí mo bá lọ sí yunifásítì láàárọ̀, òórùn náà á ti ṣáájú mi wọ kíláàsì. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kí n mú díẹ̀ wá fún àwọn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún tí mo fẹ́ parí ẹ̀kọ́, òórùn yẹn ti ń fún mi lọ́rùn.

Ohun tó ń fún mi lọ́rùn gan-an kì í kúkú ṣe ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo agboolé ń pè ní Bàbá Alàájì, ló gbà mí tọ́ nígbà tí bàbá mi kú. Òun ló rán mi níléèwé títí mo fi dé yunifásítì, kò sì fi í ṣe ìrègún fún mi lọ́jọ́ kan. Ó ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ ti ń kéwú tó bá di ọ̀sán, ó sì ti pinnu láti ọjọ́ tí mo ti wọ yunifásítì pé èmi ni n ó máa bójú tó o bí mo bá ṣe tán. Kò bi mí. Kí ló fẹ́ bi mí sí? Ọmọ ilé ṣáà ni mí. Kò pẹ́ tí gbogbo agboolé fi ń pè mí ní Tíṣà. Bí mo bá ń pọnmi, àwọn àgbà á máa fi mí ṣeré pé, "Tíṣà, ẹ rọra o." Àwọn ọmọdé á sì máa sá fún mi bí ẹni pé mo mú pàṣán dání. N ó dá wọn lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, n ó sì wọlé lọ jókòó sáàárín apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ.

Mi ò fẹ́ ṣe tíṣà. Mo fẹ́ lọ. Bí mo bá gun òkè Màpó, tí mo wo gbogbo páànù tó ti dípẹtà wọ̀nyẹn lọ súà, tí mi ò rí ibi tí ilé kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n dé mọ́ abẹ́ wọn. Mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ẹni tó bá gbọ́ á ní abaramóorejẹ ni mí, kò sì ní jẹ̀bi.

Ilé iṣẹ́ kan wá sí yunifásítì wa lọ́dún náà. Wọ́n ní àwọn ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde, pé ọ̀dọ̀ àwọn ni wọ́n á ti ṣe àgùnbánirọ̀, táwọn á sì gbà wọ́n síṣẹ́ pátápátá lẹ́yìn rẹ̀. Mo dán an wò, mo sì yege débi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èyí tí wọ́n fẹ́ fi fóònù ṣe, tí a ó máa rí ojú ara wa. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń wáṣẹ́ kìlọ̀ fún wa gidigidi pé a ò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára kámẹ́rà, pé ohun tó bá hàn lẹ́yìn wa gbọ́dọ̀ mọ́, ibi tí a wà sì gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́. Ó hàn pé kò dé Beyerunka rí. Mo fẹ́ lọ ṣe é ní yàrá ọ̀rẹ́ mi kan nínú ọgbà, ṣùgbọ́n ìsinmi ti dé, wọ́n ti tilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pa.

Mo bá ta aṣọ ìbùsùn funfun bo apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ, mo to ìwé léra, mo gbé fóònù lé e. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀ níwájú dígí: ibo ni agbára mi wà, kí ni kùdìẹ̀kudiẹ mi, ibo ni mo fẹ́ bá ara mi lọ́jọ́ iwájú. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí bí ọmọ kéwú. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, tìkọ̀tìkọ̀ ni mo fi sọ ọ́, gbólóhùn kan ló sì bi mí: "Ṣé Bàbá mọ̀?" Mo ní n ó sọ fún wọn bó bá bọ́ sí i. Ó gbé igbá ọṣẹ rẹ̀ rù, ó kọrí sọ́jà.

Ọ̀sán ni wọ́n pè. Obìnrin kan ló ń ṣe olórí wọn, ó sì fara balẹ̀. Ó ń lọ dáadáa. Ohùn mi kò gbọ̀n, mi ò wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí, lédè òyìnbó, bóyá mo lè fi Ìbàdàn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbé mi lọ sí ìlú mìíràn, ni mo gbọ́ ohùn Bàbá Alàájì lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, àwọn òbí ọmọ ti dé síléèwé o. Wọ́n láwọn fẹ́ rí ẹ."

Ó ti ká kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti wọlé.

O ṣáà mọ orúnkún àwa ọmọ tí wọ́n kọ́. Kì í dúró gbàṣẹ. Kí n tó rò ó, mo ti wà nílẹ̀, ó sì ku aṣọ funfun nìkan tí àwọn èèyàn inú fóònù ń wò. Obìnrin náà béèrè bóyá mo ṣì wà níbẹ̀, ló bá tún ìbéèrè rẹ̀ bi, ketekete, ohùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Bàbá Alàájì dúró. Ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n èyí tó gbọ́ tó o ná.

Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ ti lọ. Bí mo bá sì dáhùn, ojú ẹni tó tọ́ mi ni mo ti sọ ọ́. Mi ò lè dìde, torí kò tíì ní kí n dìde. Nínú gbogbo ohun tí mo há sórí, kò sí ọ̀kan tó wúlò fún ìdí èyí. Mo gbójú sókè, mi ò wo Bàbá, fóònù ni mo wò, torí pé mo sì jìnnà sí i, ariwo ni mo fi sọ ọ́ lédè òyìnbó pé bẹ́ẹ̀ ni, ibikíbi, mo ti ṣe tán.

Bàbá wo fóònù náà, ó sì wò mí.

"O dá wọn lóhùn kó o tó dá mi lóhùn," ló wí. Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú, ó kàn sọ ohun tó rí ni. "Dìde, máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ. Wọ́n ń retí ẹ."

Ó fa kọ́tìnnì padà, ó sì dá nìkan lọ bá àwọn òbí ọmọ ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí mo bá wọn sọ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n fi tó mi létí pé àwọn ti mú ẹlòmíràn. Kí ìyẹn tó dé, Bàbá Alàájì ti fa iléèwé lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò bá mi jà. Oúnjẹ tó ń wá sí yàrá wa láti ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ kò dín. Àwọn ará ilé kàn ṣíwọ́ pípè mí ní Tíṣà, wọ́n ń pè mí lórúkọ mi, ó sì ń dùn mí wọra, èmi tí mo ti kórìíra oyè náà tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì mí mú mọ́, n kò sì ríbi lọ. Ìjókòó inú yàrá yẹn lóṣù wọ̀nyẹn burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Nígbà tí wọ́n wá pín wa fún iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ìlú kan lókè Ọya ni wọ́n gbé mi lọ. Ìyá mi lọ bẹ Bàbá Alàájì pé kó bá wa rí àwọn èèyàn rẹ̀, kí wọ́n dá mi padà sí Ìbàdàn. Ó ní ọmọ ti sọ̀rọ̀, òun kò ní gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, mo kúnlẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi, àdúrà náà gùn, ó sì dán mọ́rán, ó wá ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ já mi sílẹ̀. Mo dúró díẹ̀ sí i lórí ìkúnlẹ̀. Ká ní ó sọ pé kí n má lọ ni, bóyá n kì bá tí lọ.

Mo ti níṣẹ́ báyìí, nílùú tó jìnnà sílé. Bàbá ṣì ń pè mí lórí fóònù. Á béèrè àlàáfíà mi, kì í béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀. Ó pẹ́ tí mo fi ń rò pé òun ló dè mí mọ́lẹ̀ lọ́dún náà. Kò dè mí. Ohun tó dè mí ni pé mo mọ̀, nínú lọ́hùn-ún, pé bí mo bá fẹnu ara mi sọ fún un pé mo fẹ́ lọ, á ní kí n máa lọ, á sì dùn ún. Ìyẹn ni mi ò lágbára láti fojú rí. Ojú rẹ̀ náà ni mo sì padà ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn àjèjì tí wọn ò rántí orúkọ mi mọ́ ni mo sọ ọ́ fún.