Panṣẹ́kẹ́ Tí Ọmọ Mi Gé

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kọ́ ilé wa sí Ilé-Ifẹ̀, igi tí a máa gbìn síwájú ilé fa àríyànjiyàn ju irú páànù tí a máa fi bo orí ilé lọ. Ọ̀pẹ òyìnbó ló wu ọkọ mi. Mo ní ọ̀pẹ yẹn kàn ga lásán ni, kì í ṣíji bo ẹnikẹ́ni. Panṣẹ́kẹ́ ni mo fẹ́, igi tó ń ya ẹ̀ka bí agboòrùn, tí òdòdó rẹ̀ máa ń pọ́n bí iná nígbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Gbòǹgbò rẹ̀ á wó ilé," ọkọ mi wí.

"Ẹ jẹ́ ká gbìn ín jìnnà sílé nígbà náà."

A jọ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta igi lẹ́bàá títì ní Ẹdúnàbọ̀n. Bàbá náà gbè mí lẹ́yìn. Ó ní bí a ò bá ti gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tàbí kànga, kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Ọkọ mi ka ogún ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sì gbẹ́ ihò náà fúnra rẹ̀. Ọdún karùn-ún ni igi náà kọ́kọ́ yọ òdòdó. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń jẹun ìrọ̀lẹ́. Abẹ́ rẹ̀ lọkọ mi ti ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi bímọ ní Ìbàdàn, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́ta ni mo lò. Àkọ́bí mi, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ló fi mọ́tò gbé mi padà wálé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tí a dé géètì, ó ní, "Màmi, ẹ dijú." Mo dijú, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí mo lajú, òkúta ìntalọ́ọ̀kì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ni mo rí láti géètì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, irú èyí tí ewé rẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ eégún, tí wọ́n ń pè ní maskiréédì. Níbi tí panṣẹ́kẹ́ wà, kùkùté kan kò sí níbẹ̀.

"Igi mi dà?"

"A ti yọ ọ́ kúrò, Mà. Ẹ wo bí ibí ṣe mọ́! Maskiréédì ló wà nílé àwọn èèyàn ńlá báyìí."

"Mo ní, igi mi dà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní ewé rẹ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó ní ejò lè fara pamọ́ síbẹ̀, ó ní gbòǹgbò rẹ̀ á wó ògiri.

"Ta ló fi ẹjọ́ igi náà sùn ọ́? Èmi ni? Ògiri wo ló sì ti wó láti gbogbo ọdún yìí wá?"

Àwọn aládùúgbò ló wá ń kí mi kú oríire, pé ọmọ mi mà tọ́jú mi. Àbúrò mi obìnrin pè mí lórí fóònù, ó ní kí n má bínú, pé ọmọ ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ rántí ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju igi tí wọ́n gé lọ. Ṣé nítorí pé nǹkan jẹ́ ẹ̀bùn, kò tún lè jẹ́ ìwọ̀sí mọ́? Kò sẹ́ni tó máa wọ ilé ọ̀dọ́ obìnrin lọ pààrọ̀ àga rẹ̀ láìbi í. Ṣùgbọ́n bí orí wa bá ti funfun, wọ́n á rò pé ohun tó wù wá ti tán láyé.

N kò jẹ oúnjẹ tí ọmọ mi rà lálẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmi, mo rò pé inú yín á dùn ni."

"Ì bá dùn, ká ní o bi mí."

Mo sọ fún un bí bàbá rẹ̀ ṣe ka ogún ìṣísẹ̀ náà. Kò mọ̀ rí. Omi lé sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò rọ̀. Mo ní kó hú ìntalọ́ọ̀kì tó wà lójú ibi tí igi náà wà tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ pe òṣìṣẹ́, mo kọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi díígà hú u títí ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ sì lé ròrò.

Lẹ́yìn náà, a wakọ̀ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n. Bàbá tó ń ta igi ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà níbẹ̀. Maskiréédì ló kọ́kọ́ nawọ́ sí. N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ọmọ mi wo àwọn panṣẹ́kẹ́ kéékèèké tó wà nínú ọ̀rá dúdú, ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmi, èwo lẹ fẹ́ nínú wọn?" Mo mú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀.

Panṣẹ́kẹ́ tí a gbìn sójú ibẹ̀ ti ga dé ìbàdí mi báyìí. Maskiréédì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà níbẹ̀, nítorí igi kọ́ ló ṣẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí, òjìji sì ń pẹ́ kó tó dé. Bí mo bá gbé àga síta lọ́sàn-án, oòrùn ní ń lé mi wọlé, inú a sì tún bí mi.