Ibi Tí Ọ̀ṣúndáre Ti Kọ́ Alùpùpù

Èmi kì í fọkàn tán ẹni tó bá fọ táyà alùpùpù rẹ̀ kó tó gbé e wá sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Kí ló ń fi pa mọ́? Àwọn ọlọ́kadà yòókù ní Ìlọ́bù, tẹrẹ̀tẹrẹ̀ ni wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, èmi náà á sì máa ṣépè bí mo ṣe ń ha á kúrò. Ọ̀ṣúndáre nìkan ni táyà tirẹ̀ máa ń mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ọ̀ṣúndáre, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kó tó hu irùngbọ̀n ló ti ń fi alùpùpù bàbá rẹ̀ gbé ẹ̀gẹ́ láti oko wá sí ibi tí wọ́n ti ń lọ gàrí. Nígbà tí bàbá náà kú, alùpùpù yẹn ni ogún tó jẹ, ó sì di ọlọ́kadà. Ó máa ń kí mi dáadáa, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ìkíni yẹn gan-an ń kọ mí lóminú. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ nínú epo dúdú nítorí bíréèkì?

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti pẹ́ láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n. Nígbà tí ìjà tún ru sókè, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà wa ṣòfin pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gbé èrò dé Ìfọ́n. Ẹni tó bá débẹ̀, wọ́n á yọ ọ́. Ìjà rọlẹ̀, òfin kò rọlẹ̀. Nínú ilé tèmi náà, mo ṣe òfin kékeré kan. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyàwó mi, Ọmọ́bọ́láńlé, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Mo ní kó jẹ́ kí ìlú tòrò ná, ká tó máa lọ kí àwọn àna mi. Ó ní òun ti gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò dárúkọ Ìfọ́n sí mi létí mọ́, ọjà Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ló kù tó ń ná.

Ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun. Lọ́jọ́ kan tí mo tú táyà ẹ̀yìn Ọ̀ṣúndáre, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ irin tó bò ó, mo sì kan ẹrẹ̀ dúdú. Ilẹ̀ pupa ni gbogbo oko tiwa. Etí odò kékeré tó pààlà wa pẹ̀lú Ìfọ́n nìkan ni irú ẹrẹ̀ yẹn wà. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo wo Ọ̀ṣúndáre, ó ń wo ilẹ̀. Mo fi sínú. Mo ní ọmọ yìí ń ta wá.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n gbé ìdíje eré alùpùpù wá sí Òṣogbo. Ẹni tó bá gbégbá orókè níbẹ̀ á lọ sí Àbújá, àwọn tó bá sì yege ní Àbújá, wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tó ń sá eré náà kiri àgbáyé. Ọ̀ṣúndáre fi orúkọ sílẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló gbé mi lọ, mo fẹ́ mọ ẹni tó ń bá a da nǹkan pọ̀ ni.

Àwọn ọmọ olówó pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀wù aláwọ lọ́rùn wọn, orí ọ̀dà tó jọ̀lọ̀ ni wọ́n ti kọ́ eré tiwọn. Òjò wá rọ̀. Erùpẹ̀ ṣàn wọ ojú ọ̀nà, ni wọ́n bá ń ṣubú ní kọ́nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ṣúndáre kò ṣubú. Tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ bá yọ̀, á jẹ́ kó yọ̀, á rọra tẹ̀ síbi tó ń yọ̀ lọ, á sì jáde nínú kọ́nà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Òun ló gba ipò kìíní.

Kóòṣì tó ń ṣà wọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, pè é. "Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Lóko ni, sà."

Kóòṣì mi orí. Ó kọjú sí gbogbo wa. "Ẹ bá mi wo àwọn tó ń gba ife-ẹ̀yẹ lágbàáyé, ibi tí kálukú ti ń bọ̀ máa ń hàn lára rẹ̀. Òmíràn, láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ra alùpùpù kékeré fún un, ó mọ ojú ọ̀dà bí ẹní mowó. Òmíràn, orí iyẹ̀pẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, yíyọ̀ kì í bà á lẹ́rù. Irú èyí ni ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n oko nìkan kọ́ ló kọ́ ọ. Ẹ wo bó ṣe jókòó, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ wo bó ṣe ń tẹ bíréèkì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ẹnìkan wà tó máa ń gbé gba ojú ọ̀nà burúkú kan, tí kò sì fẹ́ kó ṣubú."

Orí mi wú. Èrò! Ta ni èrò náà?

Kóòṣì ní kí ẹgbẹ́ wa wá jẹ́rìí pé ọmọlúàbí ni Ọ̀ṣúndáre. Láìsí ìyẹn, kò ní lọ sí Àbújá. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni ẹgbẹ́ ti ń ṣe ìpàdé, nítorí mo ní bẹ́ǹṣì. Kí Alága Tóyè tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti dìde. Mo sọ ti táyà tó ń mọ́. Mo sọ ti ẹrẹ̀ dúdú. Mo ní, "Ọ̀ṣúndáre, ta lò ń gbé lọ sí Ìfọ́n?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ó dọ̀bálẹ̀. "Mo lọ, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹni tí mo gbé, mi ò lè dárúkọ rẹ̀."

Ariwo ta. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Alága ní kó dárúkọ ẹni náà, tàbí kó bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀ṣúndáre wò mí, ó wo Alága, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ọwọ́ ti bà á.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi jáde láti inú ilé wa tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ níwájú Alága.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má yọ ọ́. Èmi ló ń gbé."

Alága ní kó ṣàlàyé.

"Apá kan ara ìyá mi ti kú. Kò lè dá wẹ̀, kò lè dá jẹun. Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi, bàbá Dọlápọ̀sí, wọ́n ní kí ìlú tòrò ná. Ṣé kí ìyá mi máa dúró de ìlú ni? Ọjọ́ tí mo bá ní mò ń lọ sọ́jà Ẹ̀rìn, Ọ̀ṣúndáre ló ń gbé mi gba etí odò. Ọjọ́ kan wà tí omi kún, a ò ṣubú. Táyà tí wọ́n ń sọ yẹn, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́ ká tó wọ̀lú, torí mo mọ ẹni tó máa wò ó."

Ẹ jẹ́ kí n má parọ́, inú ló kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà ni ojú wá ń tì mí, ojú náà ò sì tíì tì mí tán dòní.

Alága wò mí títí. "Bámigbóyè, ìwọ lo pe ẹjọ́. Dá a fún wa."

Mo ní kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu mi ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ọ̀ṣúndáre de bọ́tìnì rẹ̀ padà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣeun." Kò fi mí ṣẹ̀sín rárá, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ tí wọ́n sá eré Àbújá, ṣọ́ọ̀bù mi kún, a gbé rédíò sórí bẹ́ǹṣì. Ipò kẹta ló gbà, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n mú. Oníròyìn bi í pé àwọn tó kù ní pápá eré, wọ́n ní olùkọ́, níbo ló ti kọ́ tirẹ̀?

A gbọ́ ohùn Ọ̀ṣúndáre ketekete: "Lọ́nà ilé àna mẹ́káníìkì mi ni."

Ẹ̀rín sọ, àwọn kan dì mọ́ òpó. Ìyàwó mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo pa rédíò. Mo ní kó lọ múra, ká lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìfọ́n.

Ó ní òun ti múra tipẹ́.